Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Àfirọ́pò àti Bí Ọkọ̀ Ṣe Ń Jẹ Epo: Àgbéyẹ̀wò Kúkurú

1. Ìfáárà
Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń wá ọ̀nà tí epo wọn kò fi ní tètè tán. Ọ̀kan nínú ohun tí a ń tà fún wọn ni asẹ́ afẹ́fẹ́ àfirọ́pò, èyí tí a fi òwú ṣe, tí a sì fi ọ́ìlì pa lára. Àwọn tí ń tà á ní ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa, kí epo sì pẹ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni bóyá òótọ́ ni.

2. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń lo afẹ́fẹ́
Láti jó epo bẹtiróòlù tán, ẹ́ńjìnnì nílò afẹ́fẹ́ tí ó wúwo tó ìlọ́po 14.7 epo náà. Nínú ọkọ̀ òde òní, sẹ́ńsọ̀ ni ó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó wọlé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a sì tú epo tí ó bá a mu sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dín kù, epo náà a dín kù. Bí asẹ́ bá dí, awakọ̀ yóò kàn tẹ tọ́rọ́tù síwájú díẹ̀ sí i ni, iye afẹ́fẹ́ tí ó nílò yóò sì pé.

3. Ẹ̀rí
Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Oak Ridge National Laboratory, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, fi asẹ́ tí ó dí wé èyí tí ó mọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ oní-ínjẹ́kítọ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹ epo kò yàtọ̀ lọ́nà tí ó ṣe gúnmọ́. Eré ìgbéra ọkọ̀ ni asẹ́ mímọ́ mú dára sí i. Ọkọ̀ àtijọ́ oní-kábúrétọ̀, tí kò ní kọ̀ǹpútà, ni asẹ́ tuntun lè dín epo kù fún, nǹkan bí 2 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí asẹ́ tí ó dí kò bá mú kí ọkọ̀ jẹ epo sí i, báwo ni ìyàtọ̀ kékeré tí ń bẹ láàárín asẹ́ mímọ́ méjì yóò ṣe dín epo kù?

4. Àgbálọgbábọ̀
Èrò wa ni pé asẹ́ àfirọ́pò kì í dín epo kù nínú ọkọ̀ oní-ínjẹ́kítọ̀. Ewu pàápàá wà níbẹ̀: ọ́ìlì tí ó bá pọ̀ jù lára rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀, asẹ́ tí ojú rẹ̀ bá sì fẹ̀ jù lè gba eruku ọyẹ́ wọlé, kí ó máa ha inú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó ra irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀ kò pé ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Kí a máa pààrọ̀ asẹ́ lásìkò kí ẹ́ńjìnnì lè pẹ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe retí èrè epo lára rẹ̀.