Bí Ẹ Ṣe Lè De Ráútà Mọ́ Abẹ́ Tábìlì Láì Fi Ìka Ọwọ́ Tàfàlà

Ẹ̀yin káfíńtà tí ẹ máa ń gbọ́ wa láti ṣọ́ọ̀bù yín, tiyín la gbé dé lónìí. Ọ̀pọ̀ yín ló ń di ráútà mú lọ́wọ́ ṣiṣẹ́, àmọ́ tí pákó bá kéré, ó máa ń ṣòroó gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dojú ráútà dé, tí wọ́n á so ó mọ́ abẹ́ tábìlì kí bíìtì rẹ̀ yọrí sókè. Pákó ni wọ́n á wá máa tì.

Péléètì ló ń gbé ráútà náà dúró níbẹ̀, ìyẹn irin tàbí ike líle pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ojú péléètì àti ojú tábìlì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, pákó á kọ́ lójijì. Bíìtì yìí sì lè yí ní ìgbà 10,000 sí nǹkan bíi 25,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Pákó lè ta padà, kí ọwọ́ tó ń tì í sì yọ̀ lọ bá bíìtì.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ yọ ráútà kúrò lára iná. Ẹ tú ike ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lé péléètì, kí ẹ sàmì sí ojú ihò skúrù. Ẹ lu àwọn ihò náà, kí ẹ fẹ ẹnu wọn kí orí skúrù lè rì wọlé. Skúrù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lẹ máa lò. Ẹ wá dá ike náà padà ná, torí ráútà yìí lẹ máa fi gbẹ́ tábìlì.

Ẹ gbé péléètì sórí tábìlì, ẹ fi igi mẹ́rin tó gún régé yí i ká, kí ẹ fi téèpù olójú méjì lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ gbé péléètì kúrò. Bíìtì tó ní bẹ́ríǹ lókè ni kí ẹ lò, kí bẹ́ríǹ náà máa rìn lára igi. Ẹ gbẹ́ etí yíká ní fífẹ̀ mìlímítà 20, díẹ̀díẹ̀, kó jìn tó bí péléètì ṣe nípọn. Ẹ dán an wò lórí àjákù pákó ná. Ẹ wá fi jígísọ́ọ̀ gé àárín kúrò. Etí tó ṣẹ́kù ni péléètì máa jókòó lé.

Ẹ fi rúlà irin wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí péléètì bá rì, ẹ fi skúrù kéékèèké sábẹ́ igun rẹ̀, kí ẹ máa tú u sókè títí á fi dọ́gba. Bó bá yọ sókè, ẹ gbẹ́ etí náà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ de ráútà mọ́ péléètì, kí ẹ sì de péléètì mọ́ tábìlì.

Tó bá diṣẹ́, ẹ ti pákó láti ọ̀tún lọ sí òsì níwájú bíìtì. Tí ẹ bá tì í láti òsì, bíìtì á já a gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ pa súíìṣì kíákíá. Iná kì í sọ fúnni kó tó dé, ó sì lè bá ọwọ́ yín lórí bíìtì.

Ìka mẹ́wàá ni káfíńtà gbé wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Mẹ́wàá náà ni kó gbé délé lálẹ́.