Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ ń dìbò ní Amẹ́ríkà?

Ṣé o mọ̀ pé ibì kan wà ní Amẹ́ríkà títí di òní tó jẹ́ pé éékà ilẹ̀ ni wọ́n ń kà níbi ìdìbò, kì í ṣe orí èèyàn? Ní ìpínlẹ̀ Arizona, àjọ Salt River Project wà lára àwọn tó ń pín omi àti iná mànàmáná fún ìlú Phoenix àti agbègbè rẹ̀. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjókòó ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ náà, éékà kan, ìbò kan ni. Ẹni tó bá ní 100 éékà ní ìbò 100. Ayálégbé tó ń san owó iná lóṣooṣù kò ní ìbò kankan. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ní 1981 adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹjọ́ California tó ṣáájú rẹ̀ tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ kan wà ní àgbègbè Tulare Lake tó ń bójú tó omi tí wọ́n ń bu rin oko. Nígbà ẹjọ́ náà, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 193,000 éékà, àmọ́ èèyàn 77 péré ló ń gbé orí rẹ̀, ọmọdé 18 sì wà nínú wọn. Ilẹ̀ tí iye owó rẹ̀ bá tó 100 dọ́là ló ń bí ìbò kan. Ilé-iṣẹ́ J. G. Boswell nìkan ní ìbò 37,825, ìyẹn sì tó o láti yan èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tí àkúnya omi dé ní 1969, ìgbìmọ̀ náà kọ̀ láti darí omi sí adágún Buena Vista, nítorí pé Boswell ti fi owó gba ilẹ̀ oko lò níbẹ̀. Omi bo 88,000 éékà. Adájọ́ William Douglas to gbogbo èyí lẹ́sẹẹsẹ nígbà tí ó ta ko ìdájọ́ ọdún 1973, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù lẹ́gbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ètò náà. Bẹ́ẹ̀ ilé-ẹjọ́ kan náà ló sọ ní 1964, nínú ẹjọ́ tó wá láti Alabama, pé èèyàn ni aṣòfin ń ṣojú fún, kì í ṣe igi tàbí éékà. Èmi ò rí bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe bára mu.

Nínú Sẹ́nétì orílẹ̀-èdè pàápàá, kì í ṣe orí èèyàn ni wọ́n ń kà: Wyoming, tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó 600,000, ní sẹ́nétọ̀ méjì. California, tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 39, méjì náà ni.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà? Ní Nevada, ó tó 80 nínú 100. Ní Connecticut, kò tó ìdá kan nínú 100. Ìdí nìyí tí ìjà ilẹ̀ fi ń gbóná ní ìwọ̀-oòrùn ju ìlà-oòrùn lọ. Ní 2024, Utah bẹ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pé kí ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ kúrò lórí mílíọ̀nù 18.5 éékà, ilé-ẹjọ́ kò gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní oṣù kẹfà 2025, sẹ́nétọ̀ Mike Lee láti Utah kan náà fẹ́ kí wọ́n ta lára ilẹ̀ ìjọba. Àwọn ọdẹ àti apẹja, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, gbaná jẹ. Kí oṣù náà tó parí, ó ti yọ ọ́ kúrò nínú àbádòfin.

Ẹni tó mọ bí ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé wa kò ní pẹ́ lóye ọ̀rọ̀ Cliven Bundy. Darandaran ni, ní Nevada, láti 1993 ni kò sì san owó ìjẹko fún ìjọba mọ́. Ẹni tó bá dáwọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ dúró ń sọ fún onílẹ̀ pé, “Ìwọ kọ́ lo ni ín.” Nígbà tí gbèsè náà lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ní 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kó màlúù rẹ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gbé ìbọn wá, ìjọba sì padà sẹ́yìn.

Ní oṣù kìíní 2016, àwọn ọmọ rẹ̀ Ammon àti Ryan kó àwọn tó gbé ìbọn lọ gba ibi tí ìjọba ti ń dáàbò bo ẹranko igbó ní Malheur, ní Oregon. Ọjọ́ 41 ni wọ́n fi wà níbẹ̀, ọlọ́pàá sì pa ọ̀kan nínú wọn, LaVoy Finicum. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ìjọba dá ilẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín. Àwọn wo? Ìjọba ti ya ilẹ̀ Malheur sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà Paiute ní 1872. Lẹ́yìn ogun 1878, wọ́n lé wọn jáde nínú yìnyín òtútù lọ sí ìpínlẹ̀ Washington. Àwọn ọmọ Paiute ṣì wà nítòsí, ní Burns, wọ́n sì sọ fún àwọn tó gbé ìbọn náà pé kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú dá Ammon àti Ryan sílẹ̀.

Ṣé o mọ ibi tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fìdí múlẹ̀? Ní 1823, adájọ́ àgbà John Marshall ní ìjọba òyìnbó tó kọ́kọ́ “ṣàwárí” ilẹ̀ ló ni ín. Àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ kàn ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé orí rẹ̀ ni. Ní 2005, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣì tọ́ka sí ẹ̀kọ́ yìí nínú ẹjọ́ ẹ̀yà Oneida. Vatican fúnra rẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 2023.

Àwòrán Andrew Jackson ni Donald Trump gbé kọ́ sí ọ́fíìsì ààrẹ ní 2017. Jackson yìí ló fọwọ́ sí òfin 1830 tí wọ́n fi ṣí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ nídìí lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Georgia fi tẹ́tẹ́ pín ilẹ̀ Cherokee fún àwọn òyìnbó nígbà tí àwọn tó ni ín ṣì ń gbé orí rẹ̀, nǹkan bí 4,000 Cherokee sì kú nígbà tí wọ́n ń lé wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Síbẹ̀, adájọ́ tí Trump yàn, Neil Gorsuch, ló kọ ìdájọ́ ọdún 2020 tó sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún ẹ̀yà Creek ní Oklahoma ṣì jẹ́ tiwọn lójú òfin ìwà ọ̀daràn. Apá púpọ̀ nínú ìlú Tulsa wà lórí ilẹ̀ yẹn.

Ìtàn ilẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti àwa gan-an. Kossola, tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis, jẹ́ Yorùbá láti agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ọkọ̀ ojú omi Clotilda ló gbé e dé Alabama ní 1860, nígbà tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ fún ọdún 52. Timothy Meaher ló ni iṣẹ́ ibi náà. Nígbà tí òmìnira dé, Kossola lọ bá a pé kó fún àwọn nílẹ̀, torí òun ló mú wọn kúrò nílé. Meaher kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tu owó jọ, Kossola sì fi 100 dọ́là ra nǹkan bí éékà méjì ní 1872. Wọ́n dá Africatown sílẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ dìbò ní 1874, Meaher sáré ṣáájú wọn láti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò má gbà wọ́n láyè. Wọ́n ń ti ibùdó kan lọ sí òmíràn títí wọ́n fi rí ibi tí wọ́n ti dìbò. Ìdílé Meaher ṣì ní ilẹ̀ ní agbègbè náà.

Ọ̀gágun Sherman, ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ti kọ́kọ́ pín ilẹ̀ etíkun Georgia àti South Carolina fún àwọn ẹrú tó gba òmìnira ní oṣù kìíní 1865, 40 éékà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún tó parí, ààrẹ Andrew Johnson ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà fún àwọn tó kó wọn lẹ́rú.

Ṣé o mọ̀ pé orí òkè tí wọ́n fi tipá gbà ni ojú àwọn ààrẹ mẹ́rin wà ní Mount Rushmore? Àdéhùn 1868 fi àwọn òkè Black Hills, níbi tí ó wà, sílẹ̀ fún àwọn Sioux. Wọ́n rí góòlù níbẹ̀ ní 1874, ìjọba sì gbà á ní 1877. Ní 1980, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé ìjọba jẹ̀bi, ó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Àwọn Sioux kò gbà á. Owó náà ti bí èlé kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là, wọn ò sì fọwọ́ kàn án títí di òní. Ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń bèèrè.