Bí Ẹ Bá Ṣèèṣì Pa Fáìlì Yín Rẹ́

Ẹ̀yin ará OPIC Estate, ẹ̀yin oníṣòwò tí gbèsè oníbàárà yín wà nínú kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kó máàkì ọmọ ilé ìwé síbẹ̀, bí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì tẹ “format” ńkọ́? Ẹ má tíì figbe ta.

Lórí díìsìkì tí ń yí, format oníkíákíá kì í nu ọ̀rọ̀ inú rẹ̀; àtòjọ tí ń fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà hàn ni ó ń nù. Ṣùgbọ́n ohun tuntun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ lè bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ dáwọ́ dúró! Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi PhotoRec wá a, ọ̀fẹ́ ni. Orí díìsìkì mìíràn ni kí ẹ kó ohun tí ẹ bá rí sí. Bí ó bá jẹ́ SSD, ìrètí kò pọ̀.

Ní July 2006, ní Alaska ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ṣèèṣì format díìsìkì àkọsílẹ̀ owó ìlú, ó sì tún format ẹ̀dà rẹ̀. Tépù tí wọ́n fi pamọ́ kò ṣeé kà. Bébà inú páálí bí 300 ló yọ wọ́n. Àtúnṣe náà ná wọn ju $200,000 lọ.

Ẹ ṣe ẹ̀dà lónìí, ẹ gbé e sí ibòmíràn, kí ẹ sì ṣí i wò bóyá ó ṣeé kà.