Àwòṣe-Ilé Alálàyé: Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àbójútó Ilé láti Ìpìlẹ̀ títí dé Ìwólulẹ̀

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá láàárín Ìbafò àti Mowé yóò rí ilé tí a kò tíì kọ́ parí lọ́tùn-ún lósì. Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà náà ní ọdún 1978 ni àwọn tí owó ilé gbígbé ní Èkó ń wọ̀ lọ́rùn ti ń wá ra ilẹ̀ síhìn-ín. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ a mú sáféyọ̀ wá kí ó ri bíkíìnì mọ́ igun ilẹ̀ náà, ayàwòrán-ilé a ya pláànù, bíríkìlà a sì fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀. Bí owó bá tán, iṣẹ́ a dúró. Ọdún mẹ́ta lè kọjá kí búlọ́ọ̀kù tó ga dé orí fèrèsé, ọdún méjì mìíràn lè kọjá kí a tó kan òrùlé, bẹ́ẹ̀ ni onílé a sì ti kó wọ yàrá méjì tí ó ṣeé gbé kí ìyókù tó ní ilẹ̀kùn. Láàárín gbogbo àkókò yìí, bíríkìlà tí ó mọ bí ìpìlẹ̀ ti jìn tó ti lè lọ síbòmíràn, ẹni tí ó fa wáyà iná sínú ògiri ti lè kúrò ní àdúgbò, pláànù tí ìjọba fọwọ́ sí sì ti lè wà nínú àpótí tí òjò ti rin. Ilé dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ilé náà ti fọ́n ká.

Láti kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan ni àwọn oníṣẹ́ ilé ní ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní BIM. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun pátápátá. Ní ọdún 1975 ni Charles Eastman, tí ó wà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ̀wé pé kọ̀ǹpútà lè gba ipò àwòrán orí ìwé. Ní ọdún 1992 ni van Nederveen àti Tolman lo gbólóhùn tí a wá gé kúrú sí lẹ́tà mẹ́ta yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lílò rẹ̀ di dandan fún iṣẹ́ ilé tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń gbé jáde.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti pláànù ni ó yẹ kí ó yé ènìyàn kí a tó sọ̀rọ̀ orúkọ. Ilà ni pláànù. Ilà méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn a máa dúró fún ògiri lójú ẹni tí ó mọ pláànù kà, ṣùgbọ́n ìwé fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ògiri ni. Nínú ohun tí à ń wí yìí, ògiri ni ògiri lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní gígùn, gíga àti nínípọn. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ni tàbí onínṣì mẹ́fà. Ilẹ̀kùn kan wà lára rẹ̀, páìpù kan sì gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ayàwòrán bá sún ògiri náà sẹ́yìn, ilẹ̀kùn yóò bá a lọ, iye búlọ́ọ̀kù tí a óò rà yóò yí padà, àwòrán iwájú ilé àti àwòrán inú rẹ̀ yóò sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí páìpù bá fẹ́ gba ibi tí òpó wà kọjá, kọ̀ǹpútà yóò fi ìkọlura náà hàn kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù. Ẹni tí ó ti rí púlọ́ńbà tí ó ń lu dẹ́kìn tuntun ní ihò kí omi lè rí ọ̀nà kọjá yóò mọ ohun tí èyí tó.

Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn àwọn ènìyàn ni *àwòṣe ìwífún ilé*, tí a tú ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Kò bá gírámà wa lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀-orúkọ mẹ́ta ló tẹ̀ léra nínú rẹ̀, nínú èdè Yorùbá ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ orí àpólà ni ó ń ṣíwájú, èyí tí ó bá tẹ̀ lé e ni ó sì ń yán an. Olùgbọ́ yóò gbà pé ìwífún ni a ṣe àwòṣe rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ilé ni. Lọ́nà kejì, *ìwífún* ń mú ọkàn lọ sí ìkéde, ìmọ̀ tí ó sì wà nínú ohun yìí kì í ṣe ìkéde. Ó ń dúró de ẹni tí yóò bi í léèrè ni. *Àwòṣe-ilé alálàyé* ni a dábàá níhìn-ín. *Àwòṣe*, à-wò-ṣe, ti wà lẹ́nu wa fún ohun tí a ń wò ṣe nǹkan. Ẹnìkan lè sọ pé bí ilé bá ti parí, kò sí ohun tí a ń wò ṣe mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ tún ilé ṣe náà ní láti wo nǹkan kí ó tó ṣe é. Ní ti *alálàyé*, ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwòṣe onípákó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé sórí tábìlì, èyí tí ó jọ ilé ṣùgbọ́n tí kò lè dáhùn ìbéèrè kankan. Àmì ìsopọ̀ tí ó wà nínú *àwòṣe-ilé* ṣe pàtàkì pẹ̀lú, nítorí pé *ilé* nínú èdè wa jẹ́ ògiri àti òrùlé, ó sì tún jẹ́ àwọn ènìyàn inú wọn. Kí a fi *pláànù* sílẹ̀ fún àwòrán orí ìwé. Gbogbo bíríkìlà ní Mowé ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti lé e kúrò.

Fún ohun tí àwòṣe mọ̀ nípa ilẹ̀kùn, òpó tàbí ẹ̀rọ afami kọ̀ọ̀kan, *àbùdá* tọ́. Àwọn onímọ̀ èdè ti ń lò ó fún ìró, wọn a sì máa sọ pé àbùdá báyìí ló ya ìró kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Àbùdá ẹ̀rọ afami ni agbára rẹ̀, ọjọ́ tí a gbé e sínú kànga, bí kànga náà ti jìn tó, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ *ìyípo* tí àwọn kan ń lò fún àkókò tí ilé fi wà kò tọ́. Òṣùpá ń yí po, ilé kì í yí po. A ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọlẹ̀, a ń mọ ọ́n, a ń bò ó, a ń rẹ́ ẹ, a ń ṣí i, ó ń jò, a ń tún un ṣe, ó ń gbó, ó sì ń wó tàbí kí a wó o. Òótọ́ ni pé páànù ògbólógbòó àti férémù ilẹ̀kùn a máa tún padà sára ilé mìíràn, ṣùgbọ́n ilé tí ó wó ti lọ. *Ọjọ́-ayé ilé* ni ó bá ohun tí ojú rí mu. Kí a sì ṣọ́ra láti ya *ìtọ́jú* sọ́tọ̀ kúrò lára *àtúnṣe*: ìtọ́jú ni ohun tí a ń ṣe kí nǹkan má baà bàjẹ́, àtúnṣe ń tẹ̀ lé ìbàjẹ́, *àbójútó* sì kó méjèèjì mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó gba ìrònú jù, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ìyàtọ̀ wọn: *àwòṣe àfẹ́kọ́* àti *àwòṣe àkọ́tán*. Èkíní ń sọ ilé tí a fẹ́ kọ́. Èkejì ń sọ ilé tí a kọ́ ní tòótọ́. Ní àdúgbò tí à ń sọ yìí, àwọn méjèèjì kì í sábà bára mu. Ayàwòrán lè kọ ọ̀pá irin oníwọ̀n 16 sínú òpó, kí owó má sì tó ju oníwọ̀n 12 lọ. Bí ilé náà bá wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó lè má ṣẹlẹ̀ sí nǹkankan fún ogún ọdún. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ onílé tàbí ẹni tí ó ra ilé náà lè fẹ́ sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹnjiníà tí wọ́n bá pè yóò béèrè ohun mẹ́ta: báwo ni ìpìlẹ̀ ti jìn tó, irú ilẹ̀ wo ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá irin wo ni ó wà nínú òpó? Bí ó bá jẹ́ pé pláànù àtijọ́ nìkan ni wọ́n rí fún un, yóò ka 16 níbi tí 12 wà, yóò sì di ẹrù orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Àwòṣe àfẹ́kọ́ tí a pè ní àkọ́tán léwu ju kí a má ní àwòṣe rárá lọ, nítorí pé ẹni tí kò ní àwòṣe yóò kọ́kọ́ gbẹ́lẹ̀ wò. Ìlànà Ilé Kíkọ́ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2006 kò dákẹ́ sí ìgbà tí ó kẹ́yìn ilé kíkọ́; ó yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpele kan, lẹ́yìn ìpele ìmúrasílẹ̀, ìpele àwòrán àti ìpele kíkọ́.

Ilẹ̀ pàápàá ní Ìbafò kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ di ohun àfojúfò. Bí òjò bá pọ̀, tí a sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán, tí a ṣí ní ọdún 1983, odò Ògùn a máa kún bo àbàtà tí ó wà ní ìhà Ìṣẹ̀rì sí Ìbafò. Àwọn onílé a da yanrìn sí àgbàlá, wọn a gbé ilẹ̀ ga, aládùúgbò náà a sì gbé tirẹ̀ ga ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ibi tí ojú ilẹ̀ wà nígbà tí a fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ àti ibi tí sọ́kàwéè wà ti di àrọ́bá, àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná ló mú wọn tún ọ̀rọ̀ yìí gbé yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé gíga Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù jóná, ènìyàn 72 sì kú. Judith Hackitt, tí ìjọba ní kí ó yẹ ìlànà ilé wò, dámọ̀ràn ní ọdún 2018 pé kí ìmọ̀ nípa ilé gíga jẹ́ okùn wúrà kan tí kì í já láti ọwọ́ ayàwòrán dé ọwọ́ ẹni tí ń gbé ilé náà. Òfin ọdún 2022 tẹ̀ lé e. Kí ẹnikẹ́ni má ṣi èyí gbọ́: àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ni òfin náà béèrè, kò ní dandan kí ó jẹ́ àwòṣe.

Ifọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti gba ibẹ̀ kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ibẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìdógò sì ti yà. Ilé alámọ̀ tí a ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú ń bẹ níbẹ̀ tí kò ní pláànù láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú èyí kò lè ní àwòṣe àfẹ́kọ́. Àkọ́tán nìkan ni ó lè ní, èyí tí a óò fi ìwọ̀n tàbí ìtànṣán léésà yà láti ara ilé tí ó ti dúró. Ìtànṣán náà kì í rí inú ògiri, nítorí náà ó yẹ kí àwòṣe sọ ohun tí a rí àti ohun tí a fojú dá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìlò àwòṣe kò sì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ayàwòrán kò bá gbọ́ ti ẹnjiníà. Ohun tí a ń pè ní IFC, tí ó di ìlànà àgbáyé ISO 16739 ní ọdún 2013, ni èdè àjọlò tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ẹni tí ó bá rántí ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá, àti bí ó ti di ọdún 1974 kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò ní ilé-ìwé, kò ní retí pé kí irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ yá.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó nílò àwòṣe inú kọ̀ǹpútà. Ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé ìtura alájà púpọ̀ nílò rẹ̀. Fún ilé oníyàrá mẹ́ta ní Mowé, bí onílé bá ya fọ́tò ìpìlẹ̀ kí a tó bò ó, tí ó ya ògiri kọ̀ọ̀kan nígbà tí páìpù àti wáyà ṣì hàn, kí a tó rẹ́ ẹ, tí ó sì kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n sí i, ó ti ní púpọ̀ nínú ohun tí àwòṣe àkọ́tán wà fún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò tíì rí orúkọ tí ó tẹ́ni lọ́rùn fún: ọjọ́ tí akọ́lé ń kó àwòṣe fún onílé. *Ìfàlénilọ́wọ́* gùn, *ìfisílẹ̀* sì dà bí ẹni pé a pa nǹkan tì. Títí a óò fi rí èyí tí ó dára jù ú lọ, *ìkólélọ́wọ́* lè ṣe é, níwọ̀n bí kọ́kọ́rọ́, ìwé ilẹ̀ àti àwòṣe yóò ti jọ bọ́ sí ọwọ́ kan náà.