Ọmọ Ìyá Bàrà

Ẹni tó bá gba ọjà Òkè Àrin ní Èkó kọjá lásìkò ooru yóò rí wọ́tàmẹ́lọ̀n lórí bárò, odidi lápá kan, ègé pupa fòò nínú ọ̀rá lápá kejì. Kankana ni àwọn Haúsá tó ń gbìn ín ń pè é. Òkè Ọya ni ọkọ̀ ti ń kó o wá sí Mile 12, kó tó gorí afárá wọ Erékùṣù. Bóyá nítorí ìrìn àjò yìí la ṣe ń fojú àlejò wò ó: a jẹ ibi pupa, a tu kóró dànù, èèpo di ti gọ́tà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ìyá bàrà tí a ti ń rí ẹ̀gúsí ni wọ́tàmẹ́lọ̀n. Ìdílé tí a mọ̀ dunjú la ń fi ṣòfò. Inú bàrà funfun, ó le, ó sì korò bí jogbo, ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kó jẹrà ká tó fọ kóró rẹ̀ jáde, ká sá a, ká bó o. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá kóró ìdílé yìí wò, èyí tí wọ́n wú nílẹ̀ Líbíà tó sì ti tó 6,000 ọdún, rí i pé èso tó ti jáde korò. Ta ni yóò fi inú kíkorò pa òùngbẹ? Kóró ni àwọn ará ìgbà náà ń wá. Kóró ti jẹ́ oúnjẹ kí inú tó dùn.

Àwọn kan á ní kóró wọ́tàmẹ́lọ̀n le, kò sì ṣeé bó bí ẹ̀gúsí. Òótọ́ ni, n kò sì ní kẹ́nikẹ́ni fi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ̀ ọ́, tí a sá a gbẹ, tí a fi iyọ̀ díẹ̀ yan án nínú agbada títí tó fi ń ta, eyín á fọ́ ọ, ọ̀rá inú rẹ̀ á sì jẹ́rìí sí ìdílé tó ti wá. Èèpo funfun ńkọ́? Kò dùn, kò korò; bíi kùkúńbà, ìbátan rẹ̀, ló rí lẹ́nu. Ẹ bó awọ òde kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú ata tí irú àti epo pupa ti wà. Adùn ọbẹ̀ ni yóò mu.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé kì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tí a ti gé ni ọ̀rọ̀ náà bá: inú fìríìjì ló yẹ kó wà, kó sì tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Odidi yàtọ̀. Òtútù fìríìjì gan-an ló ń bà á jẹ́, awọ á dá ihò wẹ́wẹ́, adùn á lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 fi hàn pé odidi tí wọ́n fi sí ibi tó wà ní ìwọ̀n 21 Celsius fún ọjọ́ 14 pupa sí i, èyí tó wà ní ìwọ̀n 5 kò sì rí bẹ́ẹ̀. Èkó móoru ju 21 lọ, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa fún un, lórí ilẹ̀ tútù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, níbi tí oòrùn kò dé. Pupa yẹn kì í ṣe ṣúgà o. Ọjọ́ tí wọ́n já a lórí ìtàkùn ni adùn rẹ̀ ti parí, orí bárò ni kéèyàn ti yàn án dáadáa: kó wúwo lọ́wọ́, kí ibi tó fi sùn nílẹ̀ oko pọ́n bí bọ́tà, kó má funfun. Ẹ fi omi fọ awọ rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án, torí ọ̀bẹ ló ń gbé ìdọ̀tí ẹ̀yìn wọnú.