Àyẹ̀wò Àbùkù Pọ́ǹpù Omi lára Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi ní Ọ̀sà Èkó

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ elérò tí ń ná ọ̀nà Ìkòròdú sí Èkó lórí ọ̀sà ni ó ń lo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní ráédíétọ̀ bí ti mọ́tò. Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ni ó ń tù ú lára. Bí omi náà bá dáwọ́ dúró, kò ní í pẹ́ tí písítìn yóò fi há mọ́ inú sìlíńdà, tí ọkọ̀ yóò sì di ohun tí ìgbì ń gbé kiri tèrò-tèrò. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni àwọn atukọ̀ gbójú lé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kò sí ewu. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé omi náà, tí yóò máa jẹ́ 'omi àmì' láti ìhín lọ, kò jẹ́rìí sí ju ohun kan lọ: pé pọ́ǹpù ń gbé omi sókè. Kò jẹ́rìí sí ibi tí omi náà dé.

Pọ́ǹpù yìí wà lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnnì, lókè ilé jíà. Ìmpẹ́là ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe rọ́bà roboto tí ó ní apá bí i mẹ́fà. Kò sí ní àárín gbùngbùn ilé rẹ̀. Nítorí náà àwọn apá náà a máa tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọn a sì máa nà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Níbi tí wọ́n ti ń nà ni omi ti ń wọlé. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ni wọ́n ti ń tì í sókè. Omi kan náà ni kì í jẹ́ kí rọ́bà ha ara ilé rẹ̀. Títan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ kí oníbàárà lè gbọ́ ohùn rẹ̀ kò dára rárá. Ìṣẹ́jú kan péré lè ba rọ́bà náà jẹ́.

Bí omi àmì kò bá jáde, pọ́ǹpù kọ́ ni ó yẹ kí ìfura kọ́kọ́ bọ́ sí. Iyanrìn, tàbí amọ̀ tí agbọ́n mọ, lè dí ihò tí omi ń gbà jáde. Wáyà tín-ín-rín tó láti là á. Lẹ́yìn èyí ni ẹnu ìfami nítòsí propẹ́là. Ní 1984 ni ewéko alódòdó àlùkò tí ń léfòó gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà. Ìgbà òjò, tí omi ọ̀sà kò níyọ̀ púpọ̀, ni ó máa ń gbilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ àti ọ̀rá tí àwọn ará ìlú ń dà sómi a sì máa dí ẹnu ìfami.

Bí omi àmì bá rọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń lọ jẹ́jẹ́, tí ó sì lágbára nígbà eré, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà ti jẹ. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ọ̀rá ni ó sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ìfami, tàbí kí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sókè jù tí ó fi ń fa afẹ́fẹ́.

Bí apá rọ́bà kan bá ti já, pípààrọ̀ rẹ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ wá gbogbo ègé tí ó já rí, kí ó tò wọ́n mọ́ ojú ibi tí wọ́n ti já títí yóò fi pé. Ègé tí ó bá ṣẹ́kù sínú ọ̀pá omi yóò dí ọ̀nà fún rọ́bà titun, wọn yóò sì di ẹ̀bi ru ọjà titun láìṣẹ̀. Nígbà àtòpadà, ẹnu ọ̀pá omi gbọ́dọ̀ wọ ihò rẹ̀ lórí pọ́ǹpù. Àṣìṣe ibẹ̀ rọrùn, nítorí pé ibi tí ojú kò tó ni méjèèjì ti ń pàdé.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ẹ́ńjìnnì tí omi àmì rẹ̀ ń tú dáadáa ṣùgbọ́n tí ó ń gbóná. Ó lè jẹ́ iyọ̀ ni ó dì sí ọ̀nà omi ní àyíká sìlíńdà, tàbí kí tẹmositáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tí ooru ń ṣí, má ṣí mọ́. Àwọn alátùnṣe kan a máa yọ tẹmositáàtì jù nù pátápátá. Omi yóò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní í móoru tó bí ó ti yẹ, epo kò sì ní í jó tán. Ìkòkò omi lórí iná tó láti dán an wò: bí ó bá ṣí nínú omi gbígbóná, tí ó sì padé bí omi ti ń tutù, kò lábùkù; ọ̀nà omi ni kí wọ́n tú wò.