Kí Mẹkáníìkì Tó Da Epo Sínú Ẹ̀rọ Ìfọpáàtì

Láti oṣù kẹta ọdún 2025 tí àjọ IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ nílùú Lyon, ti kéde pé epo bẹntiróòlù ń fa jẹjẹrẹ, àwọn tó ń ta epo nílé epo ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ mú wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n ní Ayétẹ̀, ní Tápà àti ní Igangan nílẹ̀ Ìbàràpá ni mẹkáníìkì tó gbé bàsíà sábẹ́ igi, tó da bẹntiróòlù lé kabirétọ̀ ọ̀kadà lórí, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ lásán fọ̀ ọ́.

Lọ́dún 1989, ohun tí àjọ yìí sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí bẹntiróòlù máa fa jẹjẹrẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ẹ̀rí ti tó: jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wà níbẹ̀, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń yára mú àgbàlagbà náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó gba ọkàn mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé afẹ́fẹ́ epo tó ń wọ imú mẹkáníìkì náà ni iná ń jó. Ẹni bá mọ bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe ń ṣe ti mọ ibi tí ewu méjèèjì ti ń wá.

Bẹntiróòlù tó jẹ́ omi nínú bàsíà kọ́ ni iná ń mú. Afẹ́fẹ́ tó ń gbéra lójú epo, èyí tí à ń gbóòórùn rẹ̀ bí wọ́n bá ṣí kẹ́ẹ̀gì, ló ń jóná. Bó bá kéré ju 1.4 nínú 100 lọ nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, kò ní gba iná. Bó bá ju 7.6 lọ, ó ti ki jù. Ṣùgbọ́n láàárín ojú epo tó ki àti òkèèrè tó fẹ́lẹ́, ibì kan wà tí àdàpọ̀ náà ti ṣe wẹ́kú fún iná. Afẹ́fẹ́ epo yìí sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń wọ́ gbà, bí omi tó ń wá ibi tó rẹlẹ̀, títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

Flash point ni àwọn onímọ̀ ń pe ìwọ̀n ooru tó kéré jù lọ tí epo fi lè tú afẹ́fẹ́ tó tó iná mú sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé ìwọ̀n ooru tí epo ń dédé gbiná fúnra rẹ̀ ni. Ìyẹn yàtọ̀, ó sì ga ju èyí lọ fíìfíì. Flash point nílò ìtapàrà kí epo tó gbiná. Ti bẹntiróòlù jẹ́ nǹkan bíi -40°C, òtútù tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Ìbàràpá, àní nínú ọyẹ́ pàápàá. Èyí ni pé kò sí wákàtí kan lójúmọ́ tí bàsíà yẹn kò múra sílẹ̀ de iná. Ti kẹrosíìnì kì í sábà rẹlẹ̀ ju 38°C lọ, ti dísù sì máa ń lé ní 52°C.

Ní báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ń fẹ́ ṣe ẹ̀rọ ìfọpáàtì fúnra wọn dípò bàsíà, àfi ká rántí Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ agbépo ṣubú níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ ṣe sọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi fa bẹntiróòlù náà sínú ọkọ̀ mìíràn tí iná fi sọ, ó sì pa èèyàn tó ju 80 lọ. Ẹ̀rọ tó ń ta pàrà lórí bẹntiróòlù ni. Ẹni tó bá da bẹntiróòlù sínú dúrọ́ọ̀mù, tó wá fi pọ́ǹpù oníná tú u jáde fòòò sára páàtì, ti sọ ewu bàsíà di ńlá ni.

Ìjàkadì pẹ̀lú flash point ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣòwò ń bu epo tó fúyẹ́ lu kẹrosíìnì, àtùpà sì ń bú gbàù mọ́ èèyàn lójú, irú èyí tí kẹrosíìnì alábùlà ti fojú àwa náà rí ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 1868 fi 100°F, ìyẹn 38°C, ṣe ààlà, ṣùgbọ́n àwo tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, atẹ́gùn sì ń gbá afẹ́fẹ́ epo lọ. Onímọ̀ kẹ́míkà kan, Frederick Abel, ló wá ṣe ìkòkò oníderí tí òfin ọdún 1879 gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe dé e pa, epo tí wọ́n ní 100°F ni tirẹ̀ wá ń gba iná ní 73°F. Kí oníṣẹ́ tó fẹ́ dé dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ fi èyí sọ́kàn, torí abẹ́ ìdérí ni afẹ́fẹ́ epo ti ń kóra jọ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn alágbàfọ̀ tó ń fi bẹntiróòlù fọ aṣọ ni iná ń jó mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún 1924, alágbàfọ̀ kan ní Atlanta, W. J. Stoddard, àti Lloyd E. Jackson ti Mellon Institute, jọ ṣiṣẹ́ lórí epo tí flash point rẹ̀ kò ní rẹlẹ̀ ju 38°C lọ. Irú epo yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọpáàtì lókè òkun ń lò títí dòní. Àwọn mìíràn sá fún iná lọ bá trichloroethylene, tí kì í tètè gbiná, tó sì ń yọ gírísì kúrò lára irin wéré. Oṣù kejìlá ọdún 2024 ni EPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, kéde òfin láti gbẹ́sẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà, nítorí jẹjẹrẹ.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò le. Ìdajì dúrọ́ọ̀mù 200 lítà tí wẹ́dà fi ẹsẹ̀ irin sí, asẹ́ irin tí páàtì yóò wà lórí rẹ̀, garawa nísàlẹ̀, pọ́ǹpù epo ọkọ̀ tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, rọ́bà tí wọ́n so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ dísù ni wọ́n lò, kí wọ́n kọ́kọ́ bu omi díẹ̀ sínú garawa. Epo yóò léfòó, iyanrìn àti ìdọ̀tí yóò kọjá lọ sínú omi nísàlẹ̀, pọ́ǹpù á sì máa fa epo tó mọ́ lókè. Bátìrì àti ibi tí wọ́n ti ń tan iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà. Àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ní ìdè kékeré tó ń yọ́ ní 74°C, tí ìdérí fi ń já lulẹ̀ pa iná fúnra rẹ̀. Mo rò pé ìdérí tó wúwo tí okùn tín-ín-rín gbé dúró lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ní Ìbàràpá máa ń lé ní 35°C, tó sún mọ́ 38°C ti kẹrosíìnì, irin tó wà lójú oòrùn sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lábẹ́ òjìji, bóyá. Èmi ì bá fara mọ́ omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ, kí wọ́n sì tètè sá páàtì náà sóòrùn, kí wọ́n fi ọ́ìlì pa á kó má baà dípẹtà. Kí wọ́n má fi sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ kún un o: ó ń jẹ alumíníọ̀mù kabirétọ̀, afẹ́fẹ́ háídírójìn tó ń tú jáde níbẹ̀ sì ń gbiná.

Ní ti jẹjẹrẹ, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wákàtí kan lójúmọ́ níta gbangba léwu tó iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ láàárín epo. Síbẹ̀, níwọ̀n bí ọṣẹ ti lè fọ gírísì, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi dúró de ẹ̀rí mìíràn. Ìdọ̀tí tó bá kù nísàlẹ̀ garawa, kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí wọ́n rọ ọ́ sí, kì í ṣe gọ́tà. Ìdèrè tó wà nítòsí jìyà àrùn sòbìà fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí omi adágún, ọdún 2013 sì ni àjọ ìlera àgbáyé tó fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Kò yẹ kí kànga ibẹ̀ tún máa gba epo.